Irun Tó Bá Jó Kì Í Padà: Bí A Ṣe Lè Lo Irin Ìnarun Láì Jẹ Gbèsè

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Woolwich, Plumstead, Abbey Wood àti Thamesmead, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí, owó ilé àti ìwé ìṣirò ni a sábà máa ń sọ ní ojú ìwé òwò yìí. Lónìí, irun orí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má rò pé mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀. Owó tó ń ti ọ̀rọ̀ irun jáde nínú àpò wa kò kéré, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń fi irun ṣíṣe jẹun. Ohun tó bá ń gba owó wa, tó sì ń mú owó wá, ó yẹ ká mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Inú ilé mi ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Thamesmead, a sì ti pẹ́. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ irun rẹ̀ ni. Ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nà án kíá." Mo gbé irin ìnarun, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní straightener, mo yí iná rẹ̀ dé òpin, mo sì fi há irun tí kò tíì gbẹ. Ó dún "ṣììì", èéfín funfun jáde. Èmi rò pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa ni. A dé òde, gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí irun iwájú orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ mọ́ ìyàrun. Nígbẹ̀yìn, a ní láti gé e. Ọmọ náà sunkún, fìlà ló sì ń dé kiri fún oṣù púpọ̀. Ó lé ní ọdún méjì kí irun náà tó gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti irin, kì í ṣe ti ẹni tó tà á fún wa. Ìgbà náà ni mo tó jókòó wádìí ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń yẹ ìwé oníbàárà wò.

OHUN TÍ OORU Ń ṢE SÍ IRUN

Irun tí a ń fojú rí kò ní ẹ̀mí. Gbòǹgbò rẹ̀ tó wà nínú awọ orí nìkan ló wà láàyè. Bí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ yóò jinná. Bí irun bá jó, kò sí ohun tí yóò tún un ṣe láti inú wá. Bó ṣe bàjẹ́ náà ni yóò wà títí a ó fi gé e. Irun sì ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, ti àwa ènìyàn dúdú sì sábà máa ń dín díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá jó irun tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24 ti pàdánù iṣẹ́ ọdún méjì, ó kéré tán, láàárín ìṣẹ́jú kan.

Èèpo ara irun tò léra wọn bíi páánù orí ilé. Abẹ́ èèpo yìí ni àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ wà, èyí tí a fi keratin ṣe, irú ohun kan náà tó wà nínú èékánná wa. Omi díẹ̀ máa ń wà nínú irun, kódà nígbà tó bá gbẹ. Omi yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kó rọ̀, tí kì í ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Bí ooru bá pọ̀, omi náà yóò lọ, èèpo yóò sán, fọ́nrán inú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ti irun tútù tún burú jù. Omi ń hó ní 100°C. Bí irin gbígbóná bá há irun tó ṣì tutù, omi inú rẹ̀ yóò di ooru lójijì, yóò wá ọ̀nà àbájáde, yóò sì wú inú irun bí ìgbà tí àkàrà bá ń wú nínú epo. Àwọn onímọ̀ ti rí irun tó kún fún ihò báyìí lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Tọ́ńgì tó gbóná dé 125°C, tí a fi sí irun fún ìṣẹ́jú kan, ti tó láti ṣe é. Ohun tó dún "ṣììì" lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Irun tiwa tún ní ìdí tó fi nílò ìtọ́jú sí i. Ó ká kò, gbogbo ibi tó ti ká ló sì jẹ́ ibi tó ti lè ṣẹ́. Òróró awọ orí kì í tètè dé ṣóńṣó irun tó ká báyìí. Bí a bá ti fi relaxer sí i tẹ́lẹ̀, okun rẹ̀ ti dín kù kí irin tó débẹ̀ rárá.

Àwọn ìyá wa kò ní ẹ̀rọ tó ń kọ iye ooru. Orí sítóòfù ni wọ́n ń gbé ìyàrun onírin lé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi kan bébà funfun kí wọ́n tó fi kan orí ọmọ. Bí bébà bá pọ́n, wọ́n á dúró kó rọlẹ̀. Àwa tí a ní nọ́ńbà lára irin, òpin ni a ń yí i sí.

OHUN MẸ́FÀ TÓ YẸ KÍ A MÁA ṢE

1. Kí irun gbẹ pátápátá. Bí ẹ bá gbọ́ ìró omi tàbí tí ẹ rí èéfín, ẹ dúró. Bí kò bá sí àkókò láti gbẹ ẹ́, ẹ wé gèlè lọ. Gèlè kò tíì jó orí ẹnikẹ́ni.

2. Kí irun mọ́. Òróró àti ìdọ̀tí àná yóò jó mọ́ ara irin, yóò sì lẹ̀ mọ́ irun. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ lo kọ̀ndísọ́nà, kí ẹ sì fi aṣọ tó mọ́ nu ojú irin náà nígbà tó bá ti tutù.

3. Ẹ fi ìpara tàbí omi fífín tó ń dáàbò bo irun lọ́wọ́ ooru sí i, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní silicone. Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò fún ọ̀rọ̀ bíi dimethicone. Ó máa ń bo irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ooru má baà wọlé lójijì, kí omi inú irun má sì tètè lọ. Ó ń dín ìpalára kù, kò lè mú un kúrò. Ẹni tó fi í sí irun tó wá yí iná dé òpin dà bí ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì mọ́tò tó wá ń sá eré àsápajúdé.

4. Ẹ wọn ooru. Irun fẹ́lẹ́, irun tí a pa láró tàbí tó ti gba relaxer: kó má kọjá 150°C. Irun tó ní okun díẹ̀: láàárín 150°C sí 180°C. Irun tó ki, tó sì le: 180°C, kó má sì kọjá 200°C. Ibi tó kéré jù tó lè ṣiṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin lè gbóná dé 230°C, ṣùgbọ́n mọ́tò tó lè sá 120 máìlì kò ní ká sá a bẹ́ẹ̀ ní Plumstead High Street.

5. Ẹ pín irun sí ìdì kéékèèké, kí irin kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ tán lẹ́ẹ̀mejì, láì dúró lójú kan. Ìdì ńlá ló ń jẹ́ ká máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún.

6. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ fi síkáàfù sátíìnì wé orí lálẹ́, kí irun tí a nà ní Sátidé má baà nílò irin mìíràn ní Mọ́ńdè.

IRIN TÓ TI ÒKÈ ÒKUN WÁ ÀTI WÍÌGÌ

Bí ẹ̀gbọ́n bá fi irin ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Fahrenheit ni wọ́n ń lò níbẹ̀: 350 tiwọn jẹ́ nǹkan bíi 177°C, 450 sì jẹ́ nǹkan bíi 232°C. Iná wọn tún jẹ́ 120 fóòtì, tiwa níbí àti ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Bí a kò bá kọ ọ́ sára irin náà pé ó lè gba méjèèjì, ẹ má fi sínú iná. Ó lè jó irun, ó sì lè jó ilé.

Wíìgì tí a fi irun ènìyàn ṣe nílò ìṣọ́ra ju irun orí lọ, nítorí pé kò ní gbòǹgbò tí yóò fi hù padà. Èyí tí a fi ọ̀rá ṣe yóò yọ́, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó lè gba ooru, kí ẹ sì wo iye tí wọ́n kọ.

Ẹ yọ irin kúrò nínú iná nígbà tí ẹ bá parí, kí ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ó máa ń pẹ́ kó tó tutù.

Ẹ̀YIN ONÍṢỌ́Ọ̀BÙ IRUN

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, kò pọn dandan kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó di onídìrí. Òfin 1964 fi orúkọ sílẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ni. Nítorí náà, orúkọ rere yín ni ìwé àṣẹ yín. Ṣùgbọ́n Consumer Rights Act 2015 sọ pé ẹni tó bá gba owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú àti ìmọ̀ tó yẹ ṣe é. Iṣẹ́ tí kò dára, oníbàárà lè ní kí ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ dá owó padà. Irun tó ti jó kò ṣe é tún ṣe. Owó ló kù, ó sì lè béèrè owó ìtanràn kún un.

Ẹ bi oníbàárà bóyá ó ti fi relaxer tàbí aró sí irun, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ooru tí ẹ lò. Ẹ dán irin wò lára irun díẹ̀ lẹ́yìn orí. Ẹ wádìí bóyá ìnṣọ́ránsì yín bo ìpalára tó bá ti ọwọ́ iṣẹ́ wá. Bí ẹ bá gba òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ẹbí yín tímọ́tímọ́, òfin ní kí ẹ ní ìnṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ tí kò dín ní £5 mílíọ̀nù. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £2,500 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì irin àti ìpara tí ẹ ń rà fún iṣẹ́, nítorí wọ́n wà lára ìnáwó tí a lè yọ kúrò kí a tó ṣírò owó orí. Kí rìsíìtì náà sì wà lọ́wọ́ yín fún ọdún 5, ó kéré tán, lẹ́yìn 31 January tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún náà ránṣẹ́.

ÌṢIRÒ TÓ KẸ́YÌN

Ẹ jẹ́ ká ní ìgò ìpara kan jẹ́ £8, tí ó sì tó oṣù méjì. £48 nìyẹn lọ́dún. Yíyí iná sílẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀. Dídúró kí irun gbẹ, ogún ìṣẹ́jú ni. Ẹ fi ìyẹn wé ọdún méjì tí ọmọ mi fi ń retí irun rẹ̀, àti owó tí a ná sórí wíìgì àti fìlà láàárín ìgbà náà. Kò sí báńkì tó ń yáni ní irun.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń na irun rẹ̀. Bí mo bá ti gbé irin, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Mummy, ó ti gbẹ?" Ìbéèrè yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé.