Fi sí, fi rọ́pò, pa rẹ́: ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ nípa pípààrọ̀ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìtìlẹ́yìn gbogboogbò tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò kún ojú ìwọ̀n fún Windows 11. Nítorí náà, ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè máa lo ètò àná pẹ̀lú ewu rẹ̀, tàbí kí ó fi ètò mìíràn, bíi Linux, rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá yan èkejì, ojú-ewé kan yóò yọ tí yóò béèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe sí dísìkì. Ìdáhùn kan ṣoṣo níbẹ̀ lè gbé àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí àti iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe lò ní ojú-ewé yẹn, òǹkàwé ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ sí ojú kan.

ètò ìṣiṣẹ́ (ọ̀rọ̀-orúkọ)

Ètò àkọ́kọ́ tí ó ń darí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń fún àwọn ètò yòókù láyè láti ṣiṣẹ́. Windows jẹ́ ọ̀kan. Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ mìíràn, bíi Debian, Ubuntu àti Linux Mint.

*Ìlò:* Nínú ìwé ni a ti sábà ń rí «ètò ìṣiṣẹ́». Lẹ́nu àwọn ènìyàn, «Windows» ti di orúkọ gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Ẹni tó bá ní «Ẹ bá mi fi Windows tuntun sí i» lè máà ní ẹ̀dà kan pàtó lọ́kàn. Kí ògbufọ̀ wo ohun tí olùsọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí ó tó kọ orúkọ ọjà náà sílẹ̀.

gbó (ọ̀rọ̀-ìṣe), tòkunbọ̀ (ọ̀rọ̀-àpèjúwe)

A ń lo «gbó» fún ohun tí ìlò tàbí ọjọ́ pípẹ́ ti sọ di ahẹrẹpẹ: aṣọ tó gbó, bàtà tó gbó, kọ̀ǹpútà tó gbó. Ètò ìṣiṣẹ́ kì í gbó lọ́nà yìí. Ogún ọdún kò lè mú kí lẹ́tà kan re kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe é yóò ṣíwọ́ dídí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé. Windows XP, tó jáde ní ọdún 2001, dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014. Windows 7 dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Fún irú èyí, «ètò tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá» ló péye. Kọ̀ǹpútà lè gbó kí ètò inú rẹ̀ bá ìgbà mu. Òmíràn lè máa dán gbinrin kí àsìkò ètò inú rẹ̀ ti kọjá.

«Tòkunbọ̀» jẹ́ orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé. A ti wá ń fi pe ọjà àlòkù tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó: ọkọ̀ tòkunbọ̀, fíríìjì tòkunbọ̀, láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ọjà irú èyí pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ibi tí nǹkan ti wá ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kì í sọ bí ó ti gbó tó. Ẹ má ṣe fi túmọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnì kan ra ní tuntun.

fi … sí, fi … sórí (ọ̀rọ̀-ìṣe)

«Fi» ni ó ń mú ohun tí a gbé dání; «sí» tàbí «sórí» ni ó ń mú ibi tí a gbé e sí.

*Àpẹẹrẹ:* Adé fi Linux sí kọ̀ǹpútà náà. Fífi Linux sórí rẹ̀ kò gbà tó wákàtí kan.

*Ìkìlọ̀:* «Fi … sílẹ̀» kì í ṣe ọ̀kan náà. «Adé fi Linux sílẹ̀» túmọ̀ sí pé ó kọ̀ ọ́ tì. Bákan náà, ẹni tó kó ètò náà sórí fláàṣì kò tíì fi í sí kọ̀ǹpútà: ohun èlò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pèsè.

tún (ọ̀rọ̀ aṣáájú-ìṣe). Tún … ṣe (ọ̀rọ̀-ìṣe)

«Tún» ní ìtumọ̀ méjì tó lè ko ara wọn lójú níhìn-ín. «Adé tún fi Linux sí i» lè jẹ́ pé Linux ti wà níbẹ̀ rí, tí ó sì fi í sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì lè jẹ́ pé Windows wà níbẹ̀, tí ó wá fi Linux kún un. Nínú ìtumọ̀ èkejì, ètò méjèèjì ń gbé inú ẹ̀rọ kan. Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣe pàtàkì, ẹ kọ «fi Linux sí i lákọ̀tun» fún ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ «fi Linux sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows» fún ti èkejì.

«Tún Windows ṣe» yàtọ̀ sí méjèèjì: ohun tó bàjẹ́ ni a ń tún ṣe, òǹkàwé yóò sì retí pé ẹrù òun ṣì wà lẹ́yìn àtúnṣe. Ẹ má ṣe lò ó níbi tí fáìlì yóò ti lọ. Windows 10 àti 11 ní ọ̀nà kan tí a fi ń dá ètò padà sí bí ó ti wà níbẹ̀rẹ̀. Ó lè dá fáìlì ẹni sí, ṣùgbọ́n yóò yọ àwọn ètò tí a fi kún un. «Dá … sí» dára púpọ̀ nínú irú gbólóhùn yìí, nítorí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ìparun kan ń bọ̀ tí a yọ nǹkan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

fi … rọ́pò, pààrọ̀ (ọ̀rọ̀-ìṣe)

Nínú «fi … rọ́pò», ohun tuntun ni ó ń ṣáájú, ohun àná ni ó ń kẹ́yìn: «Bọ́lá fi Linux Mint rọ́pò Windows 7.» Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ «Bọ́lá rọ́pò Windows 7 pẹ̀lú Linux Mint» ń to ọ̀rọ̀ èdè mìíràn ní Yorùbá, ohun tí ó ń yé ènìyàn nínú rẹ̀ ni pé Bọ́lá fúnra rẹ̀ gba ipò Windows. Ẹ tún kíyè sí i pé bí a bá yí ipò àwọn orúkọ méjèèjì padà, iṣẹ́ náà yóò yí padà pẹ̀lú wọn.

«Pààrọ̀» fẹjú jù ú lọ. «Bọ́lá pààrọ̀ Windows» sọ pé ó yí i padà, kò sọ ohun tó wá dípò. Ó dára fún àkọlé, kò tó fún ìlànà iṣẹ́.

pa … rẹ́, nu, fọ́máàtì (ọ̀rọ̀-ìṣe)

Níhìn-ín ni ewu pọ̀ sí jù. «Pa kọ̀ǹpútà» ni kí iná rẹ̀ kú. «Pa fáìlì rẹ́» ni kí fáìlì má sí mọ́. Bí «rẹ́» bá bọ́ sọnù nínú gbólóhùn, ohun mìíràn pátápátá ni a sọ.

«Nu dísìkì» kò mọ́ tó. Ẹni tó bá rí i lè mú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, nítorí a ń nu tábìlì, a sì ń nu ojú. Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ «nù» olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tó wà nínú «sọnù» àti «dànù». Bí ọmọ ìkókó bá kú, a máa ń tu ìyá nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ìtùnú yẹn yí padà: agbè ṣeé rà lọ́jà, omi inú rẹ̀ ni kò ṣeé rà.

«Fọ́máàtì» ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń lò. Oníbàárà máa ń gbọ́ ọ bí orúkọ ìwòsàn: «Wọ́n ti bá mi fọ́máàtì ẹ̀, ó ti ń yára.» Ẹ lè lò ó nínú ìjíròrò. Nínú ìkìlọ̀, ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní kíkún: «Èyí yóò pa gbogbo fáìlì inú dísìkì yìí rẹ́.»

Àpẹẹrẹ ìlànà iṣẹ́

Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nìyí nínú ìlànà kan ṣoṣo. Ẹ kíyè sí bí «ẹ» ọ̀wọ̀ ṣe dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

1. Ẹ ṣe àdàkọ àwọn fáìlì yín sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n pé.
2. Ẹ wo agbára ẹ̀rọ yín. Windows 11 ń béèrè RAM 4GB, àyè 64GB àti ohun èlò ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Linux Mint ń béèrè RAM 2GB ó kéré tán, ṣùgbọ́n 4GB ni wọ́n dámọ̀ràn.
3. Ẹ gba ètò tuntun náà láti ojúlé àwọn tó ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí fláàṣì tí kò ní ohun pàtàkì nínú, nítorí ohun tó wà lórí fláàṣì náà yóò parẹ́.
4. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tan án. Lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀: F12 ni lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, Esc tàbí F9 lórí ọ̀pọ̀ HP.
5. Bí ó bá jẹ́ Linux Mint tàbí Ubuntu, ẹ kọ́kọ́ lò ó láti orí fláàṣì. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn àti àwọn bọ́tìnnì wò. Títí di àkókò yìí, kò tíì fọwọ́ kan dísìkì yín.
6. Ẹ yan ọ̀kan: kí ẹ fi í sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, tàbí kí ẹ pa gbogbo ohun inú dísìkì rẹ́, kí ẹ sì fi í rọ́pò Windows.
7. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ètò bọ́tìnnì, ẹ wá Nàìjíríà, kí ẹ yan Yorùbá, kí ẹ lè máa tẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀.

Fún ògbufọ̀

Àyè bọ́tìnnì kéré, èyí sì máa ń mú kí ògbufọ̀ gé ọ̀rọ̀ kúrú. Bí a bá ní láti gé, kí a gé ìyókù, kí a má gé ìparun náà. «Tẹ̀ síwájú» rọrùn láti kọ, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí òǹkàwé ń lọ. «Pa gbogbo rẹ́» gùn jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì láyè láti dúró ronú.