Kí Àwa Méjèèjì Lè Jọ Débẹ̀: Láti Òkè Ṣábẹ̀ sí Odò Yìnyín

Ẹni tó bá dàgbà sí Ṣábẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ òkè. Láti ojú ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ sí Parakou ni a ti ń rí àwọn àpáta ńlá wọ̀nyí, tí àwọn Faransé sọ ní Mamelles nítorí ìrísí wọn, tí àwọn baba wa sì fi ṣe ibi ìsádi nígbà tí ogun Dàhòmì ń jà. Lórí wọn náà ni àwa méjèèjì ti mọ ìwà ara wa. Ní ọdún tí a ń fẹ́ra sọ́nà, a gun ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ sáré ṣíwájú, ìyàwó ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ìyàwó fi máa dé orí àpáta, ọkọ ti wo ìlú tán, ó ti fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò tíì tán nílé wa títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò wa kan tó ń gbé ní Lyon ní kí a wá lo ìsinmi ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa lọ́dọ̀ òun, kí òun mú wa dé Chamonix, kí a wọ téléphérique, ìyẹn ọkọ̀ tí wáyà irin ń fà gba ojú òfurufú, lọ wo odò yìnyín lórí òkè Alps, owó kọ́ ni a kọ́kọ́ bi ara wa. Ohun tí a bèèrè ni pé: ṣé a ó jọ débẹ̀?

Odò yìnyín ni a pe ohun tí Faransé ń pè ní glacier. Yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ni, tó gbá jọ lé ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi le bí òkúta, síbẹ̀ tí ìwúwo ara rẹ̀ ń mú un rọra ṣàn sísàlẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, orí Kilimanjaro, òkè Kenya àti Rwenzori nìkan ló ṣẹ́kù sí, ẹsẹ̀ sì ni wọ́n fi ń gùn wọ́n. Nàìjíríà aládùúgbò wa ṣe ọkọ̀ orí wáyà sí Obudu, ṣùgbọ́n kò sí yìnyín níbẹ̀.

Aiguille du Midi ni àbúrò wa ń sọ. Ọdún 1955 ni ọkọ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú Chamonix tí a ti ń wọ̀ ọ́ ga ju ojú òkun lọ ní mítà 1,035, bẹ́ẹ̀ òkè Sokbaro tó ga jùlọ ní Benin kò ju mítà 658 lọ. Ẹni tó dúró sí ìdíkọ̀ níbẹ̀ ti ga ju gbogbo àwa tí a wà nílé lọ kó tó gbé ẹsẹ̀. Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn tó bá ti pààrọ̀ ọkọ̀ ní Plan de l'Aiguille ní mítà 2,317, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣóńṣó, tó wà ní mítà 3,842.

Ara ènìyàn kò mọ̀ pé ọkọ̀ ló gbé òun. Níbi gíga bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ fúyẹ́: ohun tí ènìyàn ń rí gbà nínú èémí kan kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó ń rí gbà ní Kútọnu. Orí lè máa fọ́ni, òòyì lè máa kọ́ni, ọkàn a sì máa lù kìkì. Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ní ẹ̀jẹ̀ ríru (a kò ní sọ ẹni tí í ṣe). Dókítà tí a lọ bá kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí a má fi oògùn ṣeré, kí a kọ́kọ́ sùn ní Chamonix fún ọjọ́ méjì, kí a má sì sáré lórí òkè. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá pé, "Ṣé dandan ni kí ẹ dé ṣóńṣó?"

Ìbéèrè yẹn ló da ètò wa rú. A ti ń wo bí ọ̀kan yóò ṣe máa ya fọ́tò lókè, tí èkejì yóò jókòó sí ìdíkọ̀ nísàlẹ̀ bí ẹrù tí kò ní olówó. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní kí èkejì máa lọ, òun ò bínú. Àwa tí a ti gbé ara wa fún ọdún mẹ́wàá mọ ohun tí "n ò bínú" túmọ̀ sí.

Bí a ṣe yí ojú sí Mer de Glace nìyẹn, Òkun Yìnyín, odò yìnyín tó tóbi jùlọ ní ilẹ̀ Faransé. Láti Chamonix, ọkọ̀ ojú irin pupa kan ń gun òkè lọ sí Montenvers, ní mítà 1,913. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń sọ ènìyàn kalẹ̀ sẹ́bàá yìnyín. Owó rẹ̀ kéré sí ti Aiguille, èyí tó lé ní 70 yúrò fún ẹnì kan. Fún ẹni méjì, ó lé ní 90,000 sẹ́fà, nígbà tí owó oṣù tó kéré jùlọ lábẹ́ òfin Benin jẹ́ 52,000. Físà nìkan, 90 yúrò ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, a kò sì tíì dárúkọ ọkọ̀ òfurufú.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ lọ má jáfara o. Nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ orí wáyà kan síbẹ̀ ní ọdún 1988, àtẹ̀gùn mélòó kan péré ló wà láàárín ibi tí ó ń dúró sí àti yìnyín. Ooru ayé ń pọ̀ sí i, yìnyín ń rẹlẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ̀gùn kún àtẹ̀gùn, títí ó fi lé ní 500. Ọkàn wo ló fẹ́ gun ìyẹn padà? Ní ọdún 2024, wọ́n ṣí ọkọ̀ tuntun sí òkè odò náà, níbi tí yìnyín ṣì wà. Bí yìnyín bá tún sá, a kò mọ ibi tí wọn yóò lé e dé.

Oṣù Kẹjọ ni a fẹ́ lọ, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi. Òwúrọ̀ ni a ó wọkọ̀, nítorí pé ojú ọjọ́ òkè máa ń yí padà lọ́sàn-án, bí afẹ́fẹ́ bá sì le, wọ́n a dá ọkọ̀ orí wáyà dúró. A ó mú súwẹ́tà tó nípọn, ìbọ̀wọ́, àti jígí dúdú, nítorí bí oòrùn ṣe ń tàn sára yìnyín ń ba ojú jẹ́. Ọyẹ́ Ṣábẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù ibẹ̀.

Ní báyìí, a ń gun òkè wa ní gbogbo Sátidé kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń rọra rìn ló ń ṣíwájú. Ní Sátidé tó kọjá, ó pẹ́ kí a tó dé orí àpáta. A jókòó, a jẹ àkàrà tí a gbé dání, a sì tún ka iye owó tó kù.