Fóòmù Tí Àwọ̀n Ní, Tí Ọkọ̀ Kò Ní

Ẹni tó bá dé etí ọ̀sà ní Bàrígà láàárọ̀ kùtùkùtù, láti apá Ìlàjẹ títí dé Àgọ́ Ègùn, yóò bá àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Fóòmù ni wọ́n ń so mọ́ etí òkè àwọ̀n, òjé ló wà ní etí ìsàlẹ̀. Òjé ń fà á lọ sísàlẹ̀, fóòmù ń gbé e dìde, àwọ̀n á sì dúró nínú omi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Kò sí apẹja tí yóò dẹ irú àwọ̀n yìí sómi láìní fóòmù, torí ó mọ̀ pé òun lè má rí i mọ́.

Ọkọ̀ tí yóò gbé àwọ̀n náà lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wà ní ìdí rẹ̀, ìdákọ̀ró àti bátìrì wà nínú rẹ̀. Òjé ni gbogbo wọn. Fóòmù ọkọ̀ náà dà? Ìbéèrè tí ìwé ìlàlóye yìí fẹ́ dáhùn fún àwọn apẹja Ṣómólú àti Bàrígà nìyẹn, àti fún àwọn tó ń retí wọn nílé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọkọ̀ onípákó kì í rì. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Igi ni, igi sì ń léfòó; àwọn gẹdú tí wọ́n ń so pọ̀ fà gba orí ọ̀sà lọ sí ilé ìlagi jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fa gẹdú mọ̀ pé gbogbo igi kọ́ ló fúyẹ́. Igi ekki wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í gbé e. Àfi kí wọ́n dè é mọ́ igi tó fúyẹ́. Ọkọ̀ tí omi kún inú rẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì yìí. Pákó rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ nìkan ló kù lókè, bí ẹnì kan bá sì fara tì í, yóò yí dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá tún wà ní ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ìdí ọkọ̀ á lọ sódò, imú rẹ̀ á nà sókè bí òpó, kò sì ní sí ibi tí èèyàn mẹ́ta lè dì mú.

Bí omi ṣe ń wọ ọkọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni létí omi. Ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò, pàápàá nígbà tí àsìkò òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá ń parí, lè dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkọ̀ akérò tó ń sáré kọjá ń da ìgbì sílẹ̀. Pákó lè là, ẹrù lè pọ̀ jù. Ọ̀sà Èkó kò sì jìn ní ọ̀pọ̀ ibi, bíi mítà 1.5 sí 3 ni, èyí ló sì ń tan èèyàn jẹ. Mítà méjì àbọ̀ tó láti bo ọkùnrin tó ga jù ní Bàrígà mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti wa yanrìn sì tún máa ń jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oore kan tí omi Èkó ṣe ni pé kò tutù débi tí òtútù á fi tètè pa èèyàn. Ẹni tó bá rí nǹkan dì mú lè fara dà á fún wákàtí púpọ̀ títí ọkọ̀ mìíràn á fi kọjá.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo lè ṣe fóòmù ọkọ̀, ìṣirò ohun tí ọkọ̀ nílò kò sì le. Omi lítà kan wúwo tó kílò kan. Bí wọ́n bá dé kẹ́ẹ̀gì òfìfo onílítà 25 pinpin, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rì, omi á máa fi agbára kílò 25 tì í sókè. Kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ wúwo tó bíi kílò kan, nítorí náà kílò 24 ló kù tó lè bá ọkọ̀ gbé.

Bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ kan gbé apẹja mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 15 tó wúwo tó kílò 40, àti ìdákọ̀ró pẹ̀lú bátìrì tó jẹ́ kílò 15. Ara èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ léfòó fúnra rẹ̀ nínú omi; kílò 7 tó láti gbé orí àgbàlagbà kan sókè, ìwọ̀n tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀wù agbẹ̀mílà nìyẹn. Ti èèyàn mẹ́ta jẹ́ 21, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 76. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lè gbé kílò 96. Ó gbé e, ó tún ṣẹ́kù. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ bá jẹ́ alágbára ẹṣin 40, tí ìwọ̀n rẹ̀ lè ju kílò 70 lọ, kó fi kẹ́ẹ̀gì méjì kún un. Ọkọ̀ tí pákó rẹ̀ fúyẹ́ ni ìṣirò yìí wà fún. Ọkọ̀ fáíbà kò ní igi tí yóò ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ohun tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n máa so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ojú lè rí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí ibi tó yẹ, torí ààyè wà níbẹ̀, kò sì ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń léfòó fẹ́ wà lókè ni. Bí wọ́n bá tò ó sí ìsàlẹ̀, lọ́jọ́ tí omi bá kún ọkọ̀, ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò fẹ́ yọ sókè, ọkọ̀ á sì dojú dé. Abẹ́ etí ọkọ̀ ló yẹ kó wà, ní ọ̀tún àti ní òsì, kó wà lókè bí ó bá ti lè wà tó, kó sì dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, ni kó ti pọ̀ jù. Díẹ̀ tó fún imú ọkọ̀. Abẹ́ pákó ìdábùú tí wọ́n ń jókòó lé náà dára, bí kò bá ti lọ sílẹ̀ jù. Àǹfààní kejì tún wà tí àwọn apẹja kì í kà sí: ibi tí kẹ́ẹ̀gì bá gbà nínú ọkọ̀, omi kò lè gba ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin dín omi tí wọ́n máa gbọ́n jáde kù pẹ̀lú lítà 100.

Gbogbo fóòmù kọ́ ni fóòmù. Ti bẹ́ẹ̀dì ń mu omi bíi kànìnkànìn, ẹrù ni yóò dà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n léfòó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ kan náà ni abọ́ oúnjẹ tí ìjọba Èkó fòfin dè ní oṣù January 2024, epo bẹntiróòlù sì ń yọ́ ọ bí iyọ̀ nínú omi gbígbóná. Ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe kí epo má dà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá tó nípọn wé e, kó sì gbé e jìnnà sí ibi tí epo ń gbà. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe bàtà sílípáàsì kì í mu omi. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n dé pinpin, tí wọ́n kó sínú àpò àwọ̀n, dára púpọ̀. Bí ọ̀kan bá là, àwọn tó kù ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ gba kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kó bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì fọ̀ ọ́ mọ́, torí kò yẹ kí kẹ́míkà kan ẹja.

Ọgbọ́n fífi ohun tó ń léfòó gbé nǹkan lórí omi kì í ṣe tuntun. Níbi àjọ̀dún ẹja pípa Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, tí UNESCO kọ sínú àkójọ rẹ̀ ní ọdún 2016, igbá ńlá ni àwọn apẹja ń gbára lé nínú odò. Ní Mákòókó, tí kò jìnnà sí Bàrígà, dúrọ́ọ̀mù oníke 256 ni ayàwòrán-ilé Kúnlé Adéyẹmí fi gbé ilé ẹ̀kọ́ orí omi tí wọ́n kọ́ ní 2013. Òjò ńlá wó ilé náà ní oṣù June 2016. Ní Cameroon, ẹgbẹ́ Madiba & Nature ń fi ike omi tí wọ́n ṣà nílẹ̀ kan odindi ọkọ̀ fún apẹja. Amẹ́ríkà ti fi í sófin láti ìparí àwọn ọdún 1970 pé ọkọ̀ kékeré alẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 6 gbọ́dọ̀ léfòó gbọọrọ bí omi bá kún un. Àwọn àjọ FAO, ILO àti IMO náà jọ gbé àbá ààbò jáde fún ọkọ̀ ìpẹja kékeré ní 2012.

Ọkọ̀ kékeré oníke tó ń jẹ́ kayak, tí àwọn kan ti ń fi pẹja ní Èkó, kò bọ́ lọ́wọ́ ewu rírì. Inú rẹ̀ ṣófo, omi sì lè gba ẹnu ihò ẹrù wọlé díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó jókòó lé e mọ̀. Kí wọ́n ki fóòmù tí kì í mu omi sí imú àti ìdí rẹ̀, kó há dáadáa, kó má lè yí kiri.

Síso kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọkọ̀ ṣe pàtàkì bí kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ ìjì, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kàn gbé sílẹ̀ yóò fò jáde, yóò sì bá omi lọ. Okùn ọ̀rá ni kí wọ́n fi dè é mọ́ egungun ọkọ̀, ní ibi méjì ó kéré tán. Ọwọ́ ìdìmú kẹ́ẹ̀gì nìkan kò tó, torí ó lè já.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò, ojúmọmọ ni kó sì jẹ́, níbi tí omi kò ga ju àyà lọ, kí ẹlòmíràn sì wà ní tòsí. Kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n so irin tó wúwo tó o mọ́ ipò rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ lo àpò yanrìn: yanrìn ń pàdánù ju ìdá mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ lọ nínú omi, irin kì í pàdánù tó ìdá mẹ́fà. Kí wọ́n da omi kún ọkọ̀ títí dé etí, kí èèyàn mẹ́ta dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ìdí ọkọ̀ bá lọ sódò, kẹ́ẹ̀gì ẹ̀yìn kò tó. Bó bá yí, wọ́n ti so ó sílẹ̀ jù.

Gbogbo èyí kò rọ́pò ẹ̀wù agbẹ̀mílà. Ọkọ̀ tó ń léfòó kò wúlò fún ẹni tí ìgbì ti gbé jìnnà sí i, nítorí náà kí ẹni tó bọ́ sómi má fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etíkun tó dà bíi pé ó súnmọ́. Ọkọ̀ tóbi ju orí èèyàn lọ, òun ni ojú olùgbàlà máa kọ́kọ́ rí. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ní Èkó ni 112 tàbí 767, kí fóònù sì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pinpin.

Oòrùn ń sọ ike di gbígbẹ, ó sì ń jẹ́ kó là. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n fọwọ́ mi kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ ti mu omi. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n so òmíràn síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò létíkun.