Èwo ni Kí a Kọ́kọ́ Ṣírò?

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán nílẹ̀: ǹjẹ́ ó yẹ kí èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ yìí sọ pàtó èyí tí a óò kọ́kọ́ ṣírò nínú gbólóhùn ìṣirò kan, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ fún ògbufọ̀ tí ń yí èdè náà padà sí èdè ẹ̀rọ? Ọ̀ràn náà kan gbogbo olùkọ́, nítorí pé ó lè mú kí ètò kan ṣoṣo mú èsì méjì jáde lórí ẹ̀rọ méjì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ẹ wo 45, tí àwa Yorùbá ń pè ní àrúndínláàádọ́ta. A mú 60, a yọ 10 kúrò, ó di àádọ́ta. A sì tún yọ 5. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yọ 5 kúrò nínú 10, tí ó wá yọ ìyókù kúrò nínú 60, 55 ni yóò bá pàdé. Gírámà ni ó fi ìdè bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, àwọn èdè kọ̀ǹpútà sì máa ń sọ tiwọn. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí yàtọ̀: nígbà tí a ti mọ èyí tí ó so mọ́ èyí, èwo ni kí a kọ́kọ́ wá iye rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìlá-Ọ̀ràngún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí iṣẹ́ ẹmu dídá ti lókìkí. Kí a sọ pé ago 12 ni ó wà nínú akèrègbè adẹ́mu kan. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ àgbà bu ìdajì ohun tí ó bá bá níbẹ̀, kí àbúrò bu ago 2. Ó sì fẹ́ mọ àpapọ̀ ohun tí àwọn méjèèjì bù. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣáájú, ó bu 6, àbúrò bu 2, àpapọ̀ jẹ́ 8. Bí àbúrò bá ṣáájú, ó bu 2, ó ku 10, ẹ̀gbọ́n bu 5, àpapọ̀ di 7. Ìròpọ̀ kọ́ ni ó da ọ̀rọ̀ rú, nítorí pé 6 àti 2 kò yàtọ̀ sí 2 àti 6. Ohun tí ó fà á ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yí ohun tí èkejì yóò bá nílẹ̀ padà.

Èdè C, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1972, kò yan èyí tí yóò ṣáájú. Ìdí ni pé ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Ògbufọ̀ tí ó bá lómìnira lè yan ọ̀nà tí ó yá jù lọ. Java, tí ó jáde ní 1995, pàṣẹ pé láti òsì sí ọ̀tún ni. Ìlànà C++ ti 2017 fi ìtòtẹ̀léra sí apá kan, ó sì fi apá kan sílẹ̀. Haskell gba ọ̀nà mìíràn: ìṣirò lásán kò lè yí akèrègbè padà níbẹ̀.

Ní tèmi, ó sàn kí èdè sọ ọ́. Àṣìṣe tí ó ń fara hàn nígbà gbogbo rọrùn láti wá rí. Èyí tí ó sá pamọ́ lórí ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́, tí ó wá jáde lórí ẹ̀rọ tí ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ni ó ń ṣe ni léṣe. Ògbufọ̀ òde òní sì gbọ́n tó láti tún ìtòtẹ̀léra tò níbi tí èsì kò bá ti ní yí padà. Èrè òmìnira yẹn kò tó ewu rẹ̀. Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe dákẹ́. Kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa pé bí iṣẹ́ méjì bá ń bù nínú akèrègbè kan, kí ẹ̀gbọ́n bu tirẹ̀ ní ìlà kìn-ín-ní, kí àbúrò bu tirẹ̀ ní ìlà kejì, kí a tó ro wọ́n pọ̀ ní ìlà kẹta.