Ọmọge Tí Kì Í Tètè Jẹ́ Hẹn: Àlàyé lórí Eré Ìfẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Bí ènìyàn bá rìn kọjá ní ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kumasi yìí ní alẹ́, yóò rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n tẹjú mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń wo fíìmù tí a ṣe ní ìlú yìí ní èdè Twi, àwọn mìíràn sì ń ṣe eré. Láàárín àwọn eré wọ̀nyí, irú kan wà tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò mọ̀, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kì í sì í fẹ́ sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n: eré tí a fi ń fẹ́ ọmọge inú ẹ̀rọ sọ́nà. Èmi ti ṣe irú eré yìí, mo sì gbà pé ó yẹ kí ẹni tí yóò di olùkọ́ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí ó ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Benin àti Togo wá, àti fún ẹ̀yin ọmọ Ghana tí ẹ gbọ́ Yorùbá.

Visual novel ni orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtàn ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ ni a ti ń kà á. Àwòrán ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ yóò wà lẹ́yìn. Àwòrán ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò hàn nísàlẹ̀, orin yóò sì máa dún jẹ́jẹ́. Òǹkàwé yóò máa tẹ bọ́tìnnì kí ìtàn lè máa lọ síwájú. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ìtàn yóò dúró, ẹ̀rọ yóò sì béèrè ohun tí òǹkàwé fẹ́ sọ tàbí ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta yóò jáde, yóò sì mú ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ó bá mú ni yóò pinnu ọ̀nà tí ìtàn yóò gbà. Nítorí náà, ìtàn kan ṣoṣo lè ní òpin púpọ̀, èyí tí ó dùn àti èyí tí ó korò.

Ilẹ̀ Japan ni orírun irú eré yìí. Ní ọdún 1992, ilé iṣẹ́ Chunsoft gbé ìtàn abanilẹ́rù kan jáde tí a ń pè ní Otogirisō, nínú èyí tí òǹkàwé fúnra rẹ̀ ń yan ọ̀nà. Ní 1996, ilé iṣẹ́ Leaf fi orúkọ náà, visual novel, pe ọ̀wọ́ ìtàn tirẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ irú eré bẹ́ẹ̀ lára títí di òní. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ní 1994, ni Konami gbé Tokimeki Memorial jáde. Èyí kì í ṣe ìwé ìtàn pọ́ńbélé, nítorí ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìwé kíkà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ eré ìfẹ́ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ní 2022, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kan túmọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwa tí a kò gbọ́ èdè Japan sì rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀.

Nínú Tokimeki Memorial, akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ni ẹni tí ń ṣeré, ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan tí ń jẹ́ Kirameki. Ọdún mẹ́ta ni yóò lò níbẹ̀. Yóò máa pinnu ohun tí yóò gbájú mọ́: ẹ̀kọ́ èdè, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá, ìmúra, tàbí ìsinmi. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fi nọ́ńbà kọ sílẹ̀. Bí ó bá fi gbogbo ọjọ́ kàwé láìsinmi, àárẹ̀ yóò pọ̀ lára rẹ̀ títí àìsàn yóò fi dá a dùbúlẹ̀. Igi kan wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní bí ọmọbìnrin bá jẹ́wọ́ ìfẹ́ fún ọmọkùnrin lábẹ́ igi yìí ní ọjọ́ tí wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́, ayé àwọn méjèèjì yóò dùn títí láé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọbìnrin ni yóò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ti ọmọkùnrin ni kí ó gbé irú ìgbé ayé tí yóò mú kí ó wù ú láti sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó ṣòro jù lọ láti rí fẹ́ nínú wọn ni Shiori Fujisaki. Ilé rẹ̀ àti ilé ọmọkùnrin náà fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Láti kékeré ni wọ́n sì ti mọ ara wọn. Ó mọ̀wé, ó lẹ́wà, kò sì sí iṣẹ́ tí a fún un tí kò ṣe yanjú. Ènìyàn yóò rò pé ẹni tí a jọ dàgbà kò lè ṣòro bá rìn. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, bí ọmọkùnrin náà bá ní kí àwọn jọ rìn lọ sílé, yóò kọ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́tù, ṣùgbọ́n kíkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ dídùn nìkan kò tó láti yí i lọ́kàn padà. Bí ọmọkùnrin bá mọ̀wé ṣùgbọ́n tí kò lè sáré, kò tó. Bí ó bá lè sáré ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ṣófo, kò tó. Gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ gòkè pọ̀, ìyẹn ni pé ọdún mẹ́ta gbáko ni yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Ọgbọ́n kan tún wà nínú eré náà tí mo fẹ́ràn jù lọ. Shiori nìkan kọ́ ni ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá mọ àwọn mìíràn, tí ó sì pa wọ́n tì nítorí pé Shiori nìkan ni ó wù ú, inú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àmì àdó olóró kékeré kan yóò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí inú ń bí. Bí kò bá tètè tù ú nínú, àdó náà yóò bú, ìròyìn burúkú yóò tàn ká, gbogbo àwọn ọmọbìnrin yóò sì fà sẹ́yìn, títí kan Shiori fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe èyí sínú eré mọ ohun kan nípa ayé: ìwà tí a hù sí àwọn tí a kò nílò ni àwọn tí a nílò fi ń mọ̀ wá.

Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ọmọge tí ó kọ́kọ́ ń kọni, tí ó sì wá ń rọ̀ nígbà tí ó bá yá: tsundere. Apá kìíní ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa ẹni tí ń yínmú síni. Apá kejì ń sọ nípa ẹni tí ìfẹ́ ti mú rọ̀. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ tutù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dà yín láàmú, nítorí létí tiwa ìyìn ni ọkàn tútù jẹ́. Ọ̀dájú ni àwa ń pe ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo bèèrè: ṣé ọ̀dájú ni ọmọge tí kò tètè jẹ́ hẹn?

Ní ayé àwọn baba wa, omidan tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í gbà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Alárinà ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, oṣù yóò sì máa gorí oṣù. Láàárín àkókò yìí, ìdílé omidan ń wádìí ìdílé ọkùnrin: bóyá wọ́n ní àrùn ìdílé, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ìwà wọn dára. Ọjọ́ tí omidan bá gbà ni ọjọ́ ìṣíhùn, nítorí pé ohùn tí ó ti pa mọ́ ni ó ṣí. Ní ilẹ̀ Asante tí a wà yìí, ìdílé ọkùnrin yóò kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n ń pè ní kɔkɔɔkɔ. Lẹ́yìn náà ni ọtí orí, tí wọ́n ń pè ní tiri nsa. Níbi ayẹyẹ náà, ó wọ́pọ̀ kí a bi ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ènìyàn bóyá kí a gba ọtí náà. Àwọn àgbà ní ilẹ̀ méjèèjì mọ̀ pé “bẹ́ẹ̀ ni” tí a yára sọ lè jẹ́ ti ìbẹ̀rù tàbí ti ojúkòkòrò. Ìdákẹ́ omidan kì í ṣe òdì. Àyè ìwádìí ni.

Síbẹ̀, àwọn ìtàn wa kì í sábà ṣàánú ọmọbìnrin tí ó kọ ọkọ. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tí ó jáde ní 1952, ọmọbìnrin tí kò fẹ́ ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà. Àṣé ẹ̀yà ara tí a yá ni ọkùnrin náà gbé wọ̀, agbárí lásán ni. Nínú eré Anowa tí Ama Ata Aidoo, ọmọ Ghana, kọ, tí a tẹ̀ ní 1970, Anowa kọ gbogbo àwọn tí ó wá, ó yan Kofi Ako fúnra rẹ̀, ikú sì ni ìgbẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ kan wà: Aidoo wọ inú ọkàn Anowa, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ èrò rẹ̀. Èyí tí ó dára nínú àwọn eré ìfẹ́ inú kọ̀ǹpútà ń ṣe bákan náà. Bí òǹkàwé bá ti ń tẹ̀ síwájú, yóò mọ̀ ìdí tí ọmọge náà fi ń pa ojú dà: bóyá ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, bóyá ẹrù ìdílé wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá wọ́n ti dà á rí.

Nísinsìnyí ó tọ́ kí n sọ ibi tí ewu wà. Èkínní ni ti nọ́ńbà. Nínú ẹ̀rọ, ìfẹ́ jẹ́ iye kan tí a fi pamọ́. Òǹkọ̀wé eré lè pàṣẹ pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí òǹkàwé bá mú ìdáhùn rere, kí a fi méjì kún un. Bí ó bá mú èyí tí kò dára, kí a yọ ọ̀kan. Bí ó bá sì pé mẹ́wàá, kí ilẹ̀kùn ìkẹyìn ṣí. Ẹ̀dá ènìyàn kì í ṣe àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbì kan. Ẹni tí ó bá rò pé oore mẹ́wàá tí òun ṣe ti di gbèsè lọ́rùn ọmọbìnrin, òwò ni ó ń ṣe, kì í ṣe ìfẹ́.

Èkejì ni pé ẹni tí ń ṣeré lè fi ibi tí ó dé pamọ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ó bá sọ̀rọ̀ burúkú, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì yan òmíràn bí ẹni pé kò sọ ti ìṣáájú rí. Àwọn àgbà wa ní ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kò sí bọ́tìnnì tí a tẹ̀ tí ẹyin fi ń padà sí odindi.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Nínú eré, gbogbo “rárá” jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni” tí kò tíì pọ́n. Mo ti rí ọ̀dọ́ tí ọmọbìnrin kọ̀ fún, tí ó ń lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, tí ó ń ránṣẹ́ sí i lóru, tí ó sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé sùúrù ni òun ń ṣe. Ìyẹn kì í ṣe sùúrù, ìyọlẹ́nu ni. Alárinà ayé àtijọ́ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé fìlà rẹ̀ kí ó máa lọ. Ọmọbìnrin tí ó sọ pé òun kò fẹ́ ti dáhùn. Kò yẹ kí a fi orúkọ ọ̀dájú san án fún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí mú lọ sí kíláàsì kò ju èyí lọ: kí a wá ìdí kí a tó dájọ́. Nígbà tí mo lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í dáhùn, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ fún mi pé alágídí ni. Mo fara balẹ̀ béèrè, mo sì gbọ́ pé Hausa ni wọ́n ń sọ nílé wọn, àti pé Twi tí a fi ń kọ́ ọ kò tíì yé e. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kan tí ó gbọ́ èdè méjèèjì. Kí sáà ìkọ́ṣẹ́ mi tó parí, òun fúnra rẹ̀ ń nawọ́ sókè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kò sì yẹ kí eré wọ̀nyí jẹ́ ti Japan nìkan. Ren'Py, irinṣẹ́ tí Tom Rothamel gbé jáde ní 2004, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Bí a bá fún un ní irú lẹ́tà tí ó yẹ, yóò kọ ẹ, ọ àti ṣ tiwa, yóò sì kọ ɛ àti ɔ ti Twi àti Ewe. Eyram Tawia, tí ó kàwé ní yunifásítì Kwame Nkrumah ní Kumasi níhìn-ín, dá Leti Arts sílẹ̀ pẹ̀lú Wesley Kirinya ti Kenya ní 2009, wọ́n sì ti fi Ananse sínú eré. Ọ̀nà ti là.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ohun kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kọ ìtàn kan tí ọmọge inú rẹ̀ lè sọ pé rárá títí dé òpin, tí àwọn méjèèjì yóò sì kí ara wọn tayọ̀tayọ̀ nígbà tí wọ́n bá pàdé lọ́jà. Kí ẹ má sì pe òpin bẹ́ẹ̀ ní òpin burúkú.