Rírẹ́ Etí Nínú Àwòrán Ilé

Bí ènìyàn bá fi ìka tọ etí tábìlì tí káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ dunjú kàn, yóò rí i pé etí náà kò mú. Lẹ́yìn tí káfíńtà ti fá pákó rẹ̀ tán, tí ó sì ti wọ̀n ọ́n, yóò tún gbé ìfági lé etí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, yóò fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, mímú etí náà yóò sì kúrò. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gba orí ọmọdé tí ń sáré kiri nínú ilé là, òun náà ni kì í jẹ́ kí etí pákó tètè ya. Àwọn tí ń da òpó kọnkéré mọ ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Kí wọ́n tó da kọnkéré sínú pákó tí wọ́n fi yí irin òpó ká, wọn a kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ onígun mẹ́ta mọ́ kọ̀rọ̀ pákó náà lọ́hùn-ún, nítorí pé etí òpó tí ó bá mú a máa kán nígbà tí wọ́n bá ń tú pákó kúrò lára rẹ̀.

Ní ayé òde òní, ọ̀pọ̀ ilé ni a ti ń yà nínú kọ̀ǹpútà kí a tó fi búlọ́ọ̀kù kìíní lélẹ̀. Kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan ni ayàwòrán-ilé ń yà. Ó ń ya ilẹ̀kùn, àga, tábìlì àti àwọn àpótí ilé ìdáná pẹ̀lú, kí onílé lè rí ilé rẹ̀ bí ẹni pé ó ti wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìfági nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá pàṣẹ fún un pé kí ó ya àpótí kan, yóò yà á bí ìṣirò ti wí gan-an: ojú méjì yóò pàdé lórí ìlà tí kò ní ìbú kankan. Irú etí bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Abẹ tí ó mú jù lọ pàápàá ní ìbú díẹ̀ lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwòrán inú kọ̀ǹpútà fi máa ń dà bí ohun tí a fi bébà ká. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé, yóò bà lé ìdagẹ̀rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà létí tábìlì gidi, ibẹ̀ yóò sì funfun bí òwú tí a nà. Etí tí kò ní ìbú kò ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bà lé. Ẹni tí ń wo àwòrán náà lè má mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní gbà á.

Kí a tó lè rẹ́ etí nínú kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí a mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kà sí ohun tí ó ki. Ibi tí ojú méjì ti pàdé ni etí. Ibi tí etí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti pàdé ni igun. Nítorí náà àpótí ní ojú 6, etí 12, àti igun 8. SketchUp jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ilé. Ilé-iṣẹ́ @Last Software ní ìlú Boulder ní Amẹ́ríkà ni ó gbé e jáde ní ọdún 2000. Google rà á ní ọdún 2006, ó sì di ti ilé-iṣẹ́ Trimble ní ọdún 2012. Nínú ètò yìí, àpótí tí a yà kì í ṣe igi rárá. Ojú lásán ni a so pọ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo bí akèrègbè. Òfin kan ṣoṣo ni ètò náà fi ń gbà pé ohun kan ki lẹ́yìn tí a bá ti dì í pọ̀ ní ẹyọ kan: etí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ààlà ojú méjì péré, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹyọ kan, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti mẹ́ta. Bí ojú kan ṣoṣo bá sọnù, akèrègbè ti lu nìyẹn. Ètò náà kò ní lè sọ bí inú rẹ̀ ti tóbi tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbà kí a fi ohun mìíràn gé lára rẹ̀.

Ká sọ pé ayàwòrán kan fẹ́ ya orí tábìlì tí ó gùn ní mìlímítà 1,200, tí ó fẹ̀ ní 750, tí ó sì nípọn ní 30. Yóò kọ́kọ́ ya onígun mẹ́rin sílẹ̀, yóò sì fi ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Push/Pull fa ojú rẹ̀ sókè títí yóò fi nípọn tó bí ó ti fẹ́. Lẹ́yìn èyí, yóò lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ojú ẹ̀gbẹ́. Láti igun òkè ibẹ̀, yóò wọn mìlímítà 5 wá sí ìsàlẹ̀, yóò tún wọn 5 lọ lórí etí òkè, yóò sì fi ìlà kan so ibi méjèèjì pọ̀. Onígun mẹ́ta kékeré kan ni èyí yóò fún un, òun gan-an sì ni ìfági rẹ̀. Yóò wá yan ojú òkè tábìlì, kí ètò náà lè mọ̀ pé etí mẹ́rin tí ó yí i ká ni ọ̀nà tí a óò gbà. Nígbà tí ó bá mú ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Follow Me, tí ó sì tẹ onígun mẹ́ta náà, onígun mẹ́ta yóò yí tábìlì po láti etí dé etí, yóò sì máa gé ibi tí ó bá gbà lọ. Ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó bá kù yóò fẹ̀ ju mìlímítà 7 lọ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Pythagoras ti fi hàn fún onígun mẹ́ta tí apá rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 5.

Etí òkè nìkan ni ó rọ̀ báyìí. Àwọn etí mẹ́rin tí ó dúró lóòró ní igun tábìlì ṣì mú bí ti tẹ́lẹ̀, àwọn ni ìgúnpá ènìyàn sì máa ń gbá jù lọ. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le nìyí, nítorí pé ní igun kọ̀ọ̀kan, ìdagẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni yóò pàdé. Bí káfíńtà bá fi ìfági fá gbogbo etí 12 tí ó wà lára àpótí, tí ó sì fá wọn bákan náà, àwọn ìdagẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò pàdé ní ojú kan ṣóńṣó. Ojú 6 àtijọ́ yóò kéré sí i, ojú tuntun 12 yóò kún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tuntun yìí yóò sì jẹ́ onígun mẹ́fà: gbogbo rẹ̀ di 18. Ṣùgbọ́n nínú Blender, ètò ọ̀fẹ́ tí Ton Roosendaal ará Netherlands dá sílẹ̀, ohun èlò tí a fi ń rẹ́ etí a máa gé ṣóńṣó igun náà kúrò pẹ̀lú, yóò sì fi onígun mẹ́ta kékeré dí ibẹ̀. Igun 8 di ojú 8, gbogbo rẹ̀ sì di 26. Ọ̀nà méjèèjì ni ó dára. Ẹni tí kò bá mọ̀yàtọ̀ wọn ni yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí àpótí rẹ̀ kò fi jọ ti ẹnìkejì.

Àwọn mìíràn kì í fẹ́ ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹ́ kí etí náà rí roboto bí etí àwo. Ọ̀nà kan náà ni. Kìkì pé ìlà tí ó tẹ̀ ni a óò fi rọ́pò ìlà tí ó gún. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí ń jẹ́ roboto. Ìlà kéékèèké tí ó gún ni ó ń tò pọ̀. Bí a kò bá sọ fún un, 12 ni SketchUp máa ń lò fún irú ìlà bẹ́ẹ̀, nítorí náà etí mẹ́rin tábìlì kan yóò bí ojú 48. Nínú ilé tí ó ní àga mẹ́jọ àti ilẹ̀kùn mẹ́wàá, irú ìnáwó báyìí a máa mú kí kọ̀ǹpútà wọ́ bí ìgbín. Ìlà 3 tàbí 4 tó fún ohun tí a kò ní sún mọ́.

Ewu mìíràn wà nínú ohun tí ó kéré jù. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 1 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí a sì pín in sí wẹ́wẹ́, SketchUp lè ka ibi méjì tí ó sún mọ́ra sí ọ̀kan ṣoṣo, ojú kan yóò sì fò kúrò láìsí ìkìlọ̀. Àwọn tí ó mọ ètò náà a máa sọ ohun náà di ńlá ní ìlọ́po 100, wọn a rẹ́ etí rẹ̀, wọn a sì dá a padà sí bí ó ti wà.

Kì í ṣe gbogbo etí ni ó yẹ kí a rẹ́. Pákó méjì tí a fẹ́ so pọ̀ kí wọ́n dà bí ẹyọ kan kò fẹ́ ìdagẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé, àfi bí a bá fẹ́ kí ojú ìsopọ̀ náà hàn. Fèrèsé ilé kejì tí a ń wò láti òpópónà kò nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Ihò ìkọ́lẹ̀kùn àti ti kọ́kọ́rọ́ ni kí a kọ́kọ́ lu, kí etí rírẹ́ sì gbẹ̀yìn, nítorí pé ó ṣòro púpọ̀ láti yí ìwọ̀n ohun tí a ti rẹ́ etí rẹ̀ padà. Nítorí èyí ni ayàwòrán tí ó gbọ́n fi máa ń tọ́jú ẹ̀dà kan tí a kò tí ì rẹ́.

Ẹ̀dà náà ni ó yẹ kí ó fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí káfíńtà. Ojú òkè tábìlì tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn ní 1,200 mọ́ lẹ́yìn tí a ti rẹ́ etí rẹ̀; ó ti di 1,190, ìbú rẹ̀ sì ti di 740. Bí ayàwòrán bá wọn ojú náà, tí ó sì kọ ohun tí ó rí sórí ìwé, káfíńtà yóò fi ayùn gé pákó ní 1,190, yóò tún fá etí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwòrán ti fi hàn, ojú òkè yóò sì di 1,180. Orí tábìlì kò ní bo ibi tí a wọ̀n sílẹ̀ fún un mọ́, pákó mìíràn ni wọn yóò sì tún rà.