Ọkà Tí Ẹyẹ Ń Jẹ Ló Ń Di Irúgbìn Olú: Ẹ̀kọ́ Tí A Lè Kọ́ Láti Accra

Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ sì tutù dáadáa, àwọn ìyá wa a máa gbé agbọ̀n lọ sóko láti lọ ṣa olú. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán tàbí ara igi tó ti kú ni wọ́n ti ń rí i. Ẹni tí kò bá tètè dé ibẹ̀, ọwọ́ òfo ni yóò gbé padà wálé. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nílẹ̀ Yorùbá ló rí nílẹ̀ Ghana. Àwọn Akan ń pe olú ní mmire, wọ́n sì ní irú kan tí wọ́n ń pè ní domo, èyí tó máa ń hù lára ọ̀pẹ tí a ti gé lulẹ̀. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n ka olú sí láyé àtijọ́: ẹnìkan kì í gbìn ín, ṣe ni à ń bá a he.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọdún 1990, ètò ọ̀gbìn olú bẹ̀rẹ̀ ní Food Research Institute, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí oúnjẹ tó wà ní Accra. Olú tí wọ́n gbájú mọ́ jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pleurotus ostreatus, olú pẹlẹbẹ tó máa ń yọ lára igi bí etí. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EM-1, tí wọ́n mú wá láti erékùṣù Mauritius, ló wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn olólú ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, olùkọ́ àti ìyàwó ilé ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń gbin olú sí ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, owó wà nídìí iṣẹ́ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé. Ẹni tó bá ṣìnà, inú àpò tí olú ń hù ni yóò máa wá ẹ̀bi sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé inú ìgò irúgbìn ni ìjàǹbá ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọkà lónìí.

KÍ NI IRÚGBÌN OLÚ?

Olú kò ní kóró bí àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Lẹ́búlẹ́bú tí ojú lásán kò lè rí ni ó máa ń tú jáde láti abẹ́ ìbòrí rẹ̀, ọwọ́ kò sì lè mú un gbìn. Ohun tí àwọn olólú ń gbìn ni àwọn okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó ń ta káàkiri inú igi kí olú tó yọrí síta. Okùn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń tọ́ lórí ọkà sísè títí ọkà náà yóò fi funfun báláú.

Ará Amẹ́ríkà kan, James Sinden, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní ọdún 1932. Kí ó tó dé, ìgbẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi ń tọ́ irúgbìn olú. Ọkà dára ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé hóró kọ̀ọ̀kan dà bí ìránṣẹ́ tó gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání: ibi tí ó bá balẹ̀ sí nínú àpò ni okùn olú ti ń ràn jáde. Ní Accra, bíi gíráàmù márùn-ún péré ni wọ́n ń fi sínú àpò kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: kílò kan irúgbìn yóò tó igba àpò. Bí ìgò kan bá bàjẹ́ tí a kò sì mọ̀, mélòó ni yóò bá a lọ?

ỌKÀ WO LÓ YẸ KÍ A RÀ?

Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin olú nínú ilé ló máa ń lọ ra oúnjẹ ẹyẹ, nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Bí a bá tú inú àpò oúnjẹ ẹyẹ wò, kí la óò bá níbẹ̀? Jéró, ọkà bàbà, àgbàdo fífọ́ àti kóró sunflower. Meji àkọ́kọ́ ni olólú ń wá. Méjèèjì yìí náà sì ni àwọn ará Accra fi ń ṣe kókó àárọ̀ tí wọ́n sì fi ń pọn pìtò. Kò sí ìdí tí ènìyàn yóò fi máa wá oúnjẹ ẹyẹ kiri nígbà tí ọkà tó ti òkè Ghana wá wà ní ọjà Nima àti Madina, tí wọ́n ń fi olonka wọ̀n ọ́n bí àwa náà ti ń fi kóńgò wọn tiwa.

Ọkà bàbà ni àwọn olùwádìí Accra ń lò jù. Hóró rẹ̀ kò tóbi bíi ti àgbàdo, nítorí náà iye ibi tí irúgbìn yóò ti ràn nínú kílò kan pọ̀ gan-an. Jéró kéré jù ú lọ, ó sì ń ràn kíákíá, ṣùgbọ́n bí omi bá pọ̀ jù lára rẹ̀, yóò lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ. Àgbàdo odindi ṣe é lò, àmọ́ ó ń pẹ́ kí ó tó jinná dé inú. Àgbàdo fífọ́ kò dára, nítorí pé inú rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, yóò sì di lẹ̀kẹ̀lẹ̀kẹ̀. Òróró pọ̀ jù nínú kóró sunflower. Bí ó bá jẹ́ àdàlù oúnjẹ ẹyẹ nìkan lọwọ́ bà, ẹ ṣà á kí irú kan péré ṣẹ́ kù, torí pé hóró tí kò dọ́gba kì í jinná pọ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ọkà tí wọ́n tọ́jú fún gbígbìn ní oko, oògùn apakòkòrò àti oògùn èébu máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kùn ún ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù tó ń dán yanran, kí ènìyàn má baà ṣèèṣì jẹ ẹ́. Oògùn tó ń pa èébu yóò pa okùn olú pẹ̀lú, nítorí pé ìbátan ni wọ́n. Èyí tó burú jù ni pé májèlé ni fún ènìyàn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkà jíjẹ ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀: èyí tó bá ti bu, tí kòkòrò sì ti lu, kò yẹ ní rírà.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ṣa òkúta kúrò, kí ẹ fọ ọkà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí ẹ sì rẹ ẹ́ mọ́jú. Rírẹ yìí ní iṣẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, ó ń jẹ́ kí omi dé inú hóró. Èkejì, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń fara pamọ́ sínú ọkà bí ẹni wọ ẹ̀wù irin, iná lásán kò sì ràn wọ́n. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọn a bọ́ ẹ̀wù náà sílẹ̀, ìgbà náà ni iná lè pa wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ju wákàtí 24 lọ, kí ó má baà kan bí omi ògì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀ lábẹ́ ìka, ṣùgbọ́n kí èèpo rẹ̀ má là. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí bébà kò sì rin, ó ti tó nìyẹn. Ẹ po ìyẹ̀fun calcium carbonate díẹ̀ mọ́ ọn kí ó má baà lẹ̀ pọ̀, kí ẹ bù ú sínú ìgò dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ sì fi òwú dí ẹnu ìgò náà.

Iná tó kù ló ṣòro jù. Àgbá epo tí wọ́n fi ń se àpò lẹ́búlẹ́bú pákó ní Accra kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 ti Celsius. Ìyẹn lè tó fún pákó, ṣùgbọ́n kò tó fún ọkà, nítorí pé oúnjẹ inú ọkà pọ̀, gbogbo kòkòrò ló sì fẹ́ ẹ. Ìwọ̀n 121 ni ọkà ń fẹ́, fún bíi wákàtí kan ó kéré tán. Inú ẹ̀rọ autoclave tàbí pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù nìkan ni a ti lè rí i.

Ọjọ́ kejì, tí ìgò bá ti tutù, ni a óò fi irúgbìn ìyá sí i nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í ti í fẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná fìtílà, lẹ́yìn tí a ti fi ọṣẹ àti spirit nu ọwọ́. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ló dára kí a ti ra irúgbìn ìyá. Ẹ má sì ṣe máa bù ú láti ìgò dé ìgò láìdáwọ́dúró, torí pé agbára rẹ̀ máa ń dínkù. Nígbà tí funfun bá ti bo ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ gbọn ìgò náà kí ó lè ràn káàkiri. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó yẹ kí ó ti funfun tán.

ÌGÒ TÍ KÒ YẸ KÍ A DÁ SÍ

Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa nínú ìgò, tàbí tí ọkà ń yọ̀ tí ó sì ń rùn kíkan, ẹ má ṣe sọ pé ẹ óò yọ ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ẹ má tilẹ̀ ṣí i nínú ilé, nítorí pé èébu dúdú lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ tún un sè ní títì pa, kí ẹ tó lọ rì í mọ́lẹ̀. Ibi tí àánú owó ti ń ṣe olólú nìyí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń pàdánù igba àpò nítorí ìgò kan.

Sùúrù yìí kò mọ sórí ọkà nìkan. Ní ọdún 2003, Mary Obodai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Accra gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Lẹ́búlẹ́bú igi arère, tí àwọn ará Ghana ń pè ní wawa, tí wọ́n kọ́kọ́ kó jọ kí ó jẹrà, mú olú gíráàmù 183.1 jáde. Èyí tí wọ́n lò ní tútù mú gíráàmù 13 péré wá. Igi kan náà ni o! Koríko ìrẹsì mú 151.8, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì mú 111.5. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 183 àti 13 kì í ṣe ti owó, ti ìtọ́jú ni.

Ọkà bàbà kò ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa, igi arère náà kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kí ó fi ìgò mẹ́ta tàbí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, kí ó má ṣe kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin.